Egungun Tí Ercilia Fi Ṣe Ẹyẹ Lóore

Agídí ni àbùkù Ercilia. Ó láàánú, kì í ṣe ahun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá a wí kó gbà. Tábìlì rẹ̀ ló tẹ̀lé tèmi létí òkun ní Santa Cruz, níbi tí a ti ń gé ẹja tà ní Galápagos wa níbí.

Gbogbo wa la mọ òfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ẹranko tàbí ẹyẹ erékùṣù yìí lóúnjẹ. Ercilia ò kà á sí. Ẹyẹ òfú kan wà, ẹyẹ ńlá tí àpò rọ̀ sábẹ́ ẹnu rẹ̀, Ercilia fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, Panchita ló ń pè é. Bó bá ti gé ẹran kúrò lára ẹja tán, á ju egungun rẹ̀ sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, Wilmer, ẹ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú àwọn ẹranko, ká a mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un mọ́. Ẹja tó ń pa fúnra rẹ̀, ẹran bo egungun rẹ̀. Tiyín yìí, ìhòòhò ló wà. Á gún àpò ẹnu rẹ̀."

"Ìwọ Wilmer yìí! Ìgbà tí ìyá ẹ ń pọ̀n ẹ́ kiri ni mo ti ń gé ẹja. Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní egungun? Ahun ni yín, ẹ wá ń fi òfin bò ó!"

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Kò pé oṣù kan, Panchita dé, àpò ẹnu rẹ̀ ti ya gbọọrọ. Egungun ló gún un. Ercilia sáré fún un ní odidi ẹja. Ẹja wọlé, ẹja gba ojú yíya bọ́ sílẹ̀. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà bọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ibi tó ya mú.

"Gbé e mì, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, gbé e mì."

Ẹyẹ ò lè gbé e mì. Wilmer gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n rán an, kò jinná. Ọjọ́ kẹrin ni ebi pa á kú. Àwọn aláṣẹ gba tábìlì lọ́wọ́ Ercilia, kò tilẹ̀ bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi mí bó ṣe ń kó ọ̀bẹ rẹ̀: "Ṣé ó jìyà púpọ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Pé a fẹ́ràn nǹkan kò ní ká mọ ohun tó dára fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Bí ẹni tó mọ̀ bá ní ká dáwọ́ dúró, ká dáwọ́ dúró, ìbáà ṣe ojú wa ni wọ́n ṣe bí i. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ òkun máa pa ẹja rẹ̀ jẹ.