Ìkíni tó tú àtẹlíyè Habibath ká

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá pa fóònù tì. Ẹ ka ìtàn yìí títí yóò fi parí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò pẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo ti jẹun ní Abidjan, mo ti sùn ní Libreville, mo ti mu tíì nínú aṣálẹ̀ Agadez. Kò sí irú ẹ̀dá tí mi ò tíì rí. Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́ wa níbí ló pa mí lẹ́kún.

ÌKÍNÍ

Chitou, ọmọ àdúgbò Dowa, rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú ìjọba kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Kì í ṣe dókítà o, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń bọ́ wọn, tó ń jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé oògùn mì. Iṣẹ́ àánú ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í bọ́ aṣọ iṣẹ́ bó bá ń lọ sílé. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n lè pè é ní dókítà. Wọ́n sì ń pè é.

Táńtì Clémentine, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ti kìlọ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀.

"Chitou, bó o bá rí ẹni tá a ti tọ́jú rí níta, má kí i. Jẹ́ kóun kọ́kọ́ kí ẹ. Bí kò bá kí ẹ, máa bá tìrẹ lọ."

Chitou rẹ́rìn-ín. "Táńtì, ọmọ Nàgó ni mí. Kí n rí àgbà kí n má kí i? Ìyá mi á ní àìsàn àwọn tó wà níbí ti ràn mí."

"Ìyá ẹ kọ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó o bá kí, o ti tú àṣírí ẹ̀ nìyẹn."

Ó ní òun ti gbọ́. Etí gbọ́ lóòótọ́, inú ni ò gbà.

ÌKEJÌ

Habibath, aránṣọ kan ní àdúgbò Tokpota, wà lára àwọn tí Chitou tọ́jú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, oorun kọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀. Salwa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Sèmè, ló mú un wá. Chitou ló ń bọ́ ọ nígbà tí kò lè gbé oúnjẹ sẹ́nu, òun ló ń bá a rìn yí àgbàlá ká. Ara rẹ̀ yá. Dókítà ní kó máa lọ sílé, kó ṣáà má fi oògùn rẹ̀ ṣeré.

Habibath padà sí àtẹlíyè rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Ó sọ fáwọn èèyàn pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun wà ní Sèmè, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè sí i. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ padà, káàkí àwọn ọmọ ilé ìwé kún ilẹ̀. Ọkọ ti lọ, kò bímọ. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pè é ní ọ̀gá.

ÌKẸTA

Chitou ń kọjá ní Tokpota lọ́jọ́ kan, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ náà. Habibath rí i, ó yára dojú bo aṣọ tó ń rán. Àwọn oníbàárà kún àtẹlíyè. Ó dun Chitou pé ẹni tóun tọ́jú bí ìyá ló ń ṣe bí ẹni tí ò mọ òun rí. Ì bá kọjá lọ. Ó dúró.

"Ọ̀gá Habibath, ẹ kú àlàáfíà o. Ṣé ara ti le?"

"A dúpẹ́."

"Àbí ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Mi ò mọ̀ ẹ́, ọmọ."

"Ẹ̀yin tí mo fọwọ́ mi bọ́ lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún? Ó dáa. Ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn yín ṣá?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Obìnrin kan rọra fa aṣọ rẹ̀ padà, ó ní òun fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ná.

ÌKẸRIN

Àwọn ìyá ọmọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó ọmọ wọn. Irọ́ dídùn ni wọ́n ń pa. Èyí ní ọmọ òun ń lọ ran ìyá àgbà lọ́wọ́ lóko, tọ̀hún ní irun dídì ló wu tòun báyìí. Ìyá Arsène, aládùúgbò rẹ̀, dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó pariwo rẹ̀ kí Habibath lè gbọ́: "Aránṣọ tí òwú ti já lórí, aṣọ ta ló fẹ́ rán?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Habibath da oògùn nù. Salwa wá láti Sèmè, ó kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó lò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ń lò ó, a jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i lójú ọ̀nà Sèmè láìwọ bàtà, tó ń kanlẹ̀kùn ilé onílé, tó ń béèrè àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Salwa tún mú un padà síbi ìtọ́jú. Àìsàn ti àkọ́kọ́ gbọ́ oògùn, èyí ò tíì gbọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀, á máa tẹ ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa ti aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Táńtì Clémentine, wọ́n dá Chitou dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kó tó lọ, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Habibath, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì. Obìnrin náà wò ó, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi í pé:

"Ọmọ, aṣọ lo gbé wá? Má bínú. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ò tíì dé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn, mo bẹ̀ yín, àṣírí tó bá já lé yín lọ́wọ́, ẹ bò ó bí ẹ ṣe ń bo ìhòòhò ìyá yín. Oore tẹ́ ẹ ṣe, ẹ má lọ gba ìdúpẹ́ rẹ̀ lójú títì. Ẹ̀yin ará àdúgbò náà, Chitou ló dá ọgbẹ́ yẹn, ẹ̀rín yín ló fi ata sí i. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tó sì tún padà bọ̀ sípò, ẹ jẹ́ kó ráyè jókòó láàárín yín.

Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ lẹnu ń sọ.