Bọ́ọ̀dù Ògbólógbòó Nínú Páálí Tuntun

Dúrótoyè jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn kí nǹkan dára lójú àlejò ju kí ó dára ní ti gidi lọ. Ó kun iwájú ilé tí wọ́n háyà ní Sango lọ́dà, ṣùgbọ́n òrùlé ẹ̀yìn ń jò. Bàtà tí ó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń dán, ìbọ̀sẹ̀ inú rẹ̀ ti já ní àtàǹpàkò. Kò kà á sí àléébù. Ó ní ta ni yóò bọ́ bàtà òun wò?

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Fẹ́yìsetán ìyàwó rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé nínú pálọ̀ wọn. Ní àkókò náà, yunifásítì ń yọ lọ́tùn-ún lósì ní agbègbè Ọ̀tà, ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ láàárín wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ jáde sì ń gbé ìwé àṣekágbá wọn wá fún Fẹ́yìsetán. Iṣẹ́ yìí ni ó ń san owó ilé-ìwé Bùsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Lọ́dún kan, kọ̀ǹpútà náà kú. Adérógbà tí ó máa ń bá wọn tún un ṣe sọ pé bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, èyí tí gbogbo ẹ̀yà yòókù jókòó lé, ti jó, ó sì ti ba pírósẹ́sọ̀ tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ́.

"Ẹ ra méjèèjì pọ̀ ní tuntun," ó wí. "Ẹ má ra àlòkù. Iṣẹ́ tí Màdáámú ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ eré."

Fẹ́yìsetán kó àjọ rẹ̀, ó fi owó náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Bùsọ́lá, tuntun o. Mo ti gba iṣẹ́ ọmọ mẹ́sàn-án."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Dúrótoyè ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó dé ọjà. Ilé rẹ̀ ni ìpàdé àdúrà àdúgbò máa ń wáyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó sì fẹ́ kí àwọn ará rí nǹkan. Ó kọ́kọ́ ra sikirínì pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ̀ dáadáa. Ó ra kéèsì dúdú, àpótí tí wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀, tí iná búlúù ń tàn níwájú rẹ̀. Owó tí ó ṣẹ́kù ni ó gbé lọ sọ́dọ̀ Fàlílù, tí ń ta bọ́ọ̀dù àti pírósẹ́sọ̀.

Fàlílù mú ọ̀kan jáde lábẹ́ tábìlì, pírósẹ́sọ̀ ti wà lórí rẹ̀. "Èyí ni owó yín ká, ọ̀gá. Àlòkù ni. Ó ti jó rí, wọ́n tún un lẹ̀ ni. Kò ní gárántì o."

"Ṣé yóò tàn?"

"Yóò tàn. Bí ọmọ bá fẹ́ fi gbá géèmù, ó tó. Àmọ́ ẹ má fi ṣe iṣẹ́ oúnjẹ."

"Bá mi tò ó sínú kéèsì yìí. Kí o sì fún mi ní páálí tuntun kan."

Fàlílù rẹ́rìn-ín. "Páálí kẹ̀? Ta ni ẹ fẹ́ lọ fi bò lójú?" Ó fún un.

Dúrótoyè gbé páálí òfìfo náà lé orí tábìlì nílé. Fẹ́yìsetán kò tú nǹkan kan wò. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ará ìpàdé yí kọ̀ǹpútà náà ká.

"Bàbá Bùsọ́lá, ẹ ti ń gbé ìlú òyìnbó o, ẹ ò kàn tíì kúrò ní Sango ni."

Dúrótoyè ní ọlá Ọlọ́run ni.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń jí. Fẹ́yìsetán ní òun fẹ́ pe Adérógbà.

"Iná tó ń ṣe ségesège ni," ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀rọ tuntun, kí ni Adérógbà fẹ́ tú nínú rẹ̀?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo, pé àlòkù ni, ni Dúrótoyè ìbá sọ lọ́jọ́ náà. Fẹ́yìsetán ìbá ti kó iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sórí díìsìkì. Kò sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ náà yóò fi ìwé wọn sílẹ̀, èéfín yọ lẹ́yìn kéèsì. Adérógbà tú u. Bọ́ọ̀dù ti jó, ó sì ti jó ibi tí gbogbo iṣẹ́ wà mọ́ra. Ó gbé e sójú fèrèsé.

"Màdáámú, ta ló ní tuntun ni èyí? Ẹ wo òjé tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó ti kú rí kí ó tó dé ilé yín."

Fẹ́yìsetán wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wolẹ̀.

Ọmọ mẹ́jọ sáré rí ẹlòmíràn tí ó tún ìwé wọn tẹ̀. Olúwafúnmiláyọ̀, ọmọ opó kan ní Adó-Odò, kò rí tirẹ̀ tẹ̀ tán kí ọjọ́ tó pé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó gùn jù. Ó pàdánù ọdún kan gbáko. Ó wá jókòó ní pálọ̀ náà.

"Àǹtí, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀rọ tuntun ni."

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ fún ọ."

Dúrótoyè wà ní yàrá. Ó gbọ́. Kò jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbé ìwé wá mọ́. Wọ́n yọ Bùsọ́lá kúrò nílé-ìwé tí ó wà. Fẹ́yìsetán wá iṣẹ́ sí Agbára, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ń gbé e ní ìdájí. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Nígbà tí àwọn ará ìpàdé wá bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti dárí jì í, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí Dúrótoyè bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ yóò dìde lọ fọwọ́ kàn án. Bí ọkọ rẹ̀ bá ra mílíìkì wálé, Fẹ́yìsetán yóò yí agolo náà po, yóò ka ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ tí wọ́n kọ sí i lára kí ó tó ṣí i.

Ní òwúrọ̀ kan, ara Bùsọ́lá kò yá. Dúrótoyè sáré lọ ra oògùn ibà fún un. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ ṣé, Dádì." Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì kọ́kọ́ bá mi wò ó."

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò ju èyí lọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ra àlòkù. Fàlílù ta ohun tí ó ní, ó sì sọ bí ó ti rí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí o gbé nǹkan tí kò lágbára sábẹ́ ẹni tí yóò gbé gbogbo ara lé e, kí o sì pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ láìtú u wò ṣọ̀wọ́n láyé. Ṣe é jẹ́jẹ́ nígbà tí o ṣì ní in. Bí ìgbàgbọ́ yẹn bá lọ, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, ì báà ṣe tuntun, ì báà ṣe àlòkù.