Ẹyẹ Tó Yó

Nígbà tí Torgunn ti ìsìnkú àbúrò rẹ̀ dé láti Bergen, igi rogn eléso pupa tó wà létí ọgbà rẹ̀ ti di kùkùté. Sjur ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, Sjur sì ti kú tipẹ́. Birger aládùúgbò rẹ̀ ló gé e lulẹ̀. Ó là á wẹ́wẹ́, ó sì to igi ìdáná náà sẹ́bàá ilẹ̀kùn Torgunn létòlétò, bí ẹni tó ṣe é lóore.

"Ẹ má bínú, aládùúgbò," ni Birger wí. Ará ìlú ńlá ni, kò tíì pẹ́ tó ra ilé náà. "Igi yẹn dí ojú ọ̀sà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé abẹ́ igi ṣẹ́rì mi lèmi àti Unni ti fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù karùn-ún, nígbà tó bá tanná funfun báláú. A fẹ́ kí ọ̀sà hàn nínú fọ́tò. Ẹ tiẹ̀ wò ó, ẹ̀yin náà á máa rí ìta kedere báyìí."

"Orí ilẹ̀ mi ló wà."

"Ẹ̀ka rẹ̀ ti wọ ọ̀dọ̀ mi. Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe? Èso tó korò bí ewúro."

"Ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́," ni Torgunn wí. "Sjur máa ń sọ pé ẹyẹ tó yó kì í dá wàhálà sílẹ̀."

Birger rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ.

Inú bí Torgunn. Kò fi ẹyọ kan nínú igi náà dáná. Igi tí ó rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń lò, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ti Sjur kọjá láràárọ̀. Gbogbo abúlé ń retí ìjà, nítorí ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Tó bá jẹ́ èmi ni," ni Aslaug tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù wí fún un, "ayùn á ti wọ igi ṣẹ́rì yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Wọ́n á sì tì ọ́ mọ́lé."

"Wọ́n á tì mí mọ́lé, ṣùgbọ́n ọkàn mi á balẹ̀ níbẹ̀."

"Igi ṣẹ́rì ò ṣẹ̀ mí, Aslaug. Fún mi ní kóró òdòdó oòrùn. Àpò ńlá ni kó o gbé."

Nígbà Kérésìmesì, gbogbo ilé ló gbé ìdì ọkà kọ́ sórí òpó fún àwọn ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Torgunn náà gbé tirẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún lọ tí àwọn yòókù gbàgbé ẹyẹ, òun kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ orí kùkùté náà, ó sì ń da kóró sí i lójoojúmọ́. Àwọn dompap bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn ẹyẹ aláyà pupa tí wọ́n máa ń yà sára káàdì ọdún. Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tó yá, wọ́n pọ̀ débi pé yìnyín tó yí kùkùté ká pupa fún àyà wọn. Tí ẹyẹ ìwò bá fẹ́ bà, Torgunn á lé e. Dompap nìkan ni kò lé.

Birger fẹ́ràn wọn. Ó ya fọ́tò wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé àpò kóró kan wá fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká parí ìjà," ló wí. "Mo ṣe é láìronú."

Torgunn gba àpò náà. Ó bu kọfí fún un, wọ́n sì jọ rìn dé abẹ́ igi ṣẹ́rì. Ó fi ìka kan ẹ̀ka kan.

"Ó ti ń rudi."

"Àbí? Unni ò lè sùn mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju òdòdó, òdòdó."

"Inú rẹ̀ á dùn sí i tó bá tanná."

Aslaug gbọ́, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ẹyẹ ti ba Torgunn jẹ́, ó ti sọ ọ́ di ẹni jẹ́jẹ́.

Ní òpin oṣù kẹta, yìnyín tún bọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀ mọ́. Torgunn yọ pákó náà kúrò. Ó gbá kóró tó kù lórí kùkùté dànù títí dórí ẹyọ tó gbẹ̀yìn. Birger ń jáde lọ sí Bergen lọ́jọ́ náà, láti lọ wọn kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Torgunn, kò sóúnjẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa lónìí?"

"Ó ti tán."

"Nínú yìnyín yìí? Ṣé kí n yà ní ṣọ́ọ̀bù ná?"

"Má ṣe ìyọnu. Máa lọ kí ọkọ̀ má fi ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti mọ àdúgbò, wọ́n á rí nǹkan jẹ."

"Ẹ ṣàánú wọn o."

"Mo ti ń ṣàánú wọn bọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Torgunn fi igi rogn dáná fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé kọfí rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, ó sì jókòó, ó ń wo gbogbo dompap tó fi ìgbà òtútù bọ́ bí wọ́n ṣe bo igi ṣẹ́rì Birger, tí wọ́n ń já ìrudi rẹ̀ jẹ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka títí kò fi ku ẹyọ kan tí yóò tanná lóṣù karùn-ún. Birger ò kúkú parọ́: láti ìgbà tí igi Sjur ti kúrò lọ́nà, Torgunn ń rí ìta kedere.