Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Ìyá Tíṣà

Ní ìgbà kẹta tí dókítà wọn ìfúnpá inú ẹyinjú télọ̀, ó mi orí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Méjìdínlógún ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, oògùn tí ẹ ń kán sójú yìí ló ń mú kí ojú yín tó wú nínú rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ìfúnpá á gòkè, á ba iṣan ìríran jẹ́. Ojú tó bá sì tibẹ̀ lọ kì í padà. Ṣé ẹ kì í kán an ju bí mo ṣe ní lọ? Àbí oògùn mìíràn wà?"

"Oògùn wo?" Ìyàwó télọ̀ ló dáhùn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe olùkọ́, Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. "Èmi ni mò ń kán an. Inú àpótí ni mo ń tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé lọ́rùn mi."

Ilé ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Inú ń bí Ìyá Tíṣà gan-an. Oṣù mẹ́ta ló ti ń bá ọkọ rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí ojú ọ̀tún kò rí ihò rẹ̀ mọ́, tòsì sì ti ń tẹ̀lé e.

"Ẹ jẹ́wọ́, Bàbá. Ẹ ní òmíràn tí ẹ ń jí kán."

"Mo ní n ò ní! Ṣé ojú ẹni lèèyàn ń fi ṣeré?"

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Inú ilé yìí ni ohun tó ń ba ojú yín jẹ́ wà."

Ó tú ìsọ̀, ó tú àpò àkísà, kò rí nǹkan kan. Télọ̀ yíjú sí ògiri, omi ń dà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ wá ṣe ìyàwó. Ó nu omi náà, ó sì fi ìpara tí òun fúnra rẹ̀ ń lò rọra ra ìpéǹpéjú ọkọ rẹ̀ tí omijé ti bó, bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ lálẹ́ látìgbà tí àìsàn náà ti dé. Àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú bàbá ti ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó.

Ní ìgbà kẹrin, ó di ogójì. Dókítà fa ìwé iṣẹ́ abẹ yọ. Ìyá Tíṣà bú sẹ́kún.

"Mo ṣọ́ ọ títí, dókítà. Ó ti sú mi!"

"Ó tó," ni télọ̀ wí. "Ta ló tún tọ́jú mi tó ìwọ?"

Omijé ti ń dà lójú òun náà. Ìyàwó rẹ̀ ṣí báàgì, ó mú ìpara jáde, ó fẹ́ fi ra á. Dókítà na ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ n wò ó, Ìyá."

Ó ka ẹ̀yìn ike ìpara náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oògùn, ó sì fi ìka tọ́ka sí orúkọ oògùn kan náà lára àwọn méjèèjì: "Ìyá, oògùn tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì mọ́ Bàbá lẹ ti ń fi ọwọ́ ara yín kùn ún lójú láàárọ̀ lálẹ́."