Ẹ Bá Mi Kí Ìyá Àgbà

Ilé tó ń jó tí èéfín rẹ̀ kò jáde, ta ni yóò bu omi sí i?

Yunifásítì ti gba ìsinmi. Kò sẹ́ni tí yóò bèèrè Nusaybah títí di Sẹ̀tẹ́ńbà.

Láti ọjọ́ tó ti sọ pé òun fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn ní Nunhead ni Aunty Àsúmáù, onílé rẹ̀ ní Peckham, nílùú London, ti gba páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀, tó sì tì í mọ́ yàrá.

Oòrùn ń jó fèrèsé tí wọ́n ti kàn pa.

Lónìí, Aunty gbé fóònù Nusaybah wọlé.

“Kọ̀wé sí mọ́mì ẹ. Wọ́n ti ń pè jù. Sọ fún wọn pé ò ń gbádùn summer.”

Ó dúró tì í lẹ́yìn, ó ń ka ọ̀rọ̀ bí Nusaybah ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

“Mọ́mì, ẹ kú ilé o. Ara mi le. Aunty ń gẹ̀ mí bí ọmọ tuntun.”

Aunty pòṣé. “Ó tán nìyẹn? Ọmọ Ìwó wo ló ń kọ̀wé láìkí àgbà? Kí wọn dáadáa, kí wọ́n má baà fura.”

Nusaybah tún tẹ̀ ẹ́ pé:

“Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ sọ fún wọn pé yàrá tí mo wà níbí kò yàtọ̀ sí tiwọn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni Aunty wí. “Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn.”

Ó fi í ránṣẹ́, ó jáde, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ láti ìta.

Ní Ìwó, ìyá Nusaybah ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí.

Ó gbójú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí koríko ti bo sàréè Ìyá Àgbà láti ọdún tó kọjá.