Tèmi Ni!

Fóònù ẹnì kejì mi lórí pápá dún bá a ṣe ń múra ìdíje lọ́wọ́.

"Ìjàǹbá ọkọ̀," ló ṣáà ń wí.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò bi í pé ta ni.

Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti jọ ń gbá bádímíńtọ̀n oníméjì-méjì káàkiri àgbáyé. A mọwọ́ ara wa bí ẹni mowó.

Bí bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ bá ń bọ̀ láàárín wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ké "Tèmi ni!" ló ni ín. Ẹnì kejì á yà fún un ni.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì yọjú.

"Ta ló ni ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé?"

"Tèmi ni!"

Ó ké e bó ṣe máa ń ké e lórí pápá.

Ẹsẹ̀ mi ti yà fún un kí n tó mọ̀.

Ó sáré wọlé. Ilẹ̀kùn padé.

Nọ́ọ̀sì na ṣẹ́ẹ̀tì kan sí mi. "Àǹtí, ẹ bá ọ̀rẹ́ yín mú u dání. Ọkọ wọn ti lajú, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ẹ ṣé," ni mo wí.

Mo gbà á.

Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì le.

Èmi ni mo lọ̀ ọ́ láàárọ̀, kí ọkọ mi tó wọ̀ ọ́ jáde.