Làtífù Mo-Mọ̀-Ọ́n àti Ẹ́ńjìnnì Píkọ́ọ̀pù Rẹ̀

Ká ní wọ́n ń ta "mo mọ̀ ọ́n" lọ́jà Deira ni, Làtífù nìkan ni ì bá rà á tán. Àmọ̀tán ni àrùn tó ń ṣe ọkùnrin náà. Kí ẹ tó la ẹnu bá a sọ̀rọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́rin péré ló lò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mushin kó tó sá lọ láìgba fíríìdọ̀mù. Ìgbà tó dé Sharjah nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, tí kò sẹ́ni tó mọ ìtàn rẹ̀, ló bá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá.

Píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan ló fi ń jẹun. Òun ló fi ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà láti Deira lọ sí èbúté. Lọ́dún 1996, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, èéfín rẹ̀ sì ń lé àwọn aládùúgbò wọlé. Mẹkáníìkì ọmọ Pakistan kan wà nítòsí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ustaadi. Ó ní kí Làtífù gbé ọkọ̀ náà wá kí òun tún un ṣe. Làtífù bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi kẹ̀? Kí n gbé iṣẹ́ tí mo mọ̀ fún ẹlòmíràn? Inú ọgbà ilé mi ni màá ti tú u, ibẹ̀ náà ni màá ti tò ó!"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́ o jàre.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alhaja Asiat, olórí àwọn obìnrin tó ń rajà ní Al Baraha, wá bá a. "Làtífù, bàtà ilé-ìwé ni mo rà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ti géètì èbúté. Tí ẹrù mi ò bá bá ọkọ̀ ojú omi yìí lọ, ilé-ìwé á ti wọlé kó tó dé Èkó, ta ló máa wá rà á? Tí o bá gbé e débẹ̀ láìyẹ̀, gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ wa di tìẹ láti òní lọ."

"Alhaja, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n."

Ó tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú oòrùn oṣù Keje. Mùlíkàt ìyàwó rẹ̀ dúró tì í. Bàbá obìnrin yìí fi títún ọkọ̀ lọ́rì ṣe tọ́ ọmọ ni, n'Íbàdàn, kò sì sí irin tójú rẹ̀ ò rí rí. Nígbà tí Làtífù yọ irin mẹ́rin tó gbé písítìnì jáde, obìnrin náà ya ìró àlòkù sí mẹ́rin, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó so ó mọ́ irin kọ̀ọ̀kan àti ìdérí tó dé ìdí rẹ̀.

"Bàbá Kàbírù, bàbá mi máa ń sọ pé ìdérí kọ̀ọ̀kan ti mọ irin tiẹ̀ lára. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ara wọn."

Làtífù pòṣé ṣàà. "Ìyàwó tuntun lò ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni àbí ẹ́ńjìnnì? Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn!"

Ó já gbogbo àkísà náà dànù, ó da irin àti ìdérí pọ̀ sínú bẹ́síìnì kan ṣoṣo, ó fi epo fọ̀ wọ́n. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mùlíkàt ṣa àkísà rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Ọjọ́rú ló tò ó tán. Ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ó le koko.

"Ó le jù o," Mùlíkàt wí.

"Titun ló ń ṣe é."

Ẹ gbọ́ o! Titun! Irin tó dàgbà ju ìgbéyàwó wọn lọ! Nígbà tí ọkọ̀ náà sítáàtì, Làtífù fọn fèrè títí àdúgbò fi jáde wá wò ó. Nǹkan kan ti ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀gá wa gbé ohùn kásẹ́ẹ̀tì sókè kó má baà gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n kó bàtà kún ọkọ̀ ní Al Baraha, Alhaja jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló ń kanlẹ̀kùn nínú mọ́tò yìí?"

"Bó ṣe ń mí nìyẹn, Alhaja."

Wọn ò tíì yí ráńdábáòtù Clock Tower tán tí nǹkan fi dún gbàù! Irin kan ti ṣẹ́, ó lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì já, ọ́ìlì dúdú sì ya sójú títì. Làtífù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àsìkò tí Olúṣẹ̀san, awakọ̀ mìíràn, fi ráyè wá kó ẹrù náà, géètì èbúté ti tì. "Khalas, ó ti parí," ẹ̀ṣọ́ wí. Alhaja Asiat jókòó lórí pálí bàtà, ó sunkún.

"Làtífù, o pa mí."

Wọ́n wọ́ píkọ́ọ̀pù lọ bá Ustaadi. Ó tú u, ó ń fi ìdérí kọ̀ọ̀kan wọn irin títí ó fi rí èyí tó bára mu. "Ta ló fi ìdérí ìkẹta dé ìkíní?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Làtífù ò mọ̀ ọ́n. Mùlíkàt ṣí ọ̀rá rẹ̀, ó to àkísà sórí tábìlì: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ustaadi wo àkísà, ó wo obìnrin náà.

"Ìwọ ni ǹ bá ti bá sọ̀rọ̀."

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ni wọ́n ta ọkọ̀ náà fún. Gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ di ti Olúṣẹ̀san, ọmọkùnrin tí kì í tijú àtibéèrè. Inú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ni Làtífù ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo? Nọ́ńbà ló ń kọ sára pálí. Tó bá ṣì í kọ, Olúṣẹ̀san á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ̀ta kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀ yẹn." Làtífù á tẹrí ba.

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn kò di òmùgọ̀, ẹni tó ń béèrè ni kì í ṣìnà. Ẹ má fojú tín-ínrín ọ̀rọ̀ nítorí ẹnu obìnrin ló ti jáde, ẹ má sì fi ariwo bo àléébù iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́lẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n" kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àbámọ̀ ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.